Nígbà Tí Wọ́n Ti Afárá Odò Àrágbà

Láàárín Òwu-Ìsin àti Òmù-Àrán, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Àrágbà. Lásìkò òjò, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn méjì tó dúró sí bèbè gbọ́ ara wọn. Tí ẹ̀rùn bá dé, omi rẹ̀ kì í ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n bèbè rẹ̀ méjèèjì ga bí ògiri, àwọn òkúta inú rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Afárá orí odò yìí ti gbó. Ó ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó gùn ún, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ bí wọ́n bá ti bọ́ sí òdìkejì. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti gbé àtúnṣe rẹ̀ fún kọ̀ńgílá, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn. Ìkéde wá tẹ̀ lé e ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lórí rédíò: láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, wọn yóò ti afárá náà pa, ọkọ̀ kankan ò sì ní gba ibẹ̀ mọ́ títí ẹ̀rùn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọn yóò ṣe ọ̀nà fún.

Ìdùnnú yẹn ò wọ ilé Ọ̀jẹ̀túndé.

Àgbẹ̀ ni Ọ̀jẹ̀túndé, ilé eégún ni wọ́n sì bí i sí ní Òwu-Ìsin. Bí ọdún eégún bá dé, òun ni ó ń ṣíwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ó bá sì di ọjọ́ Sọ́ńdè, òun náà ni ó ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé Bíbélì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò kí àwọn àgbà ìjọ, tí yóò sì padà sílé. Ọláwùnmí ni orúkọ ìyàwó rẹ̀ yìí. Tíṣà ni, ipò ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó sì wà tí ó fi fẹ̀yìn tì. Màdáàmù ni gbogbo ìlú ń pè é. Kì í lu ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá pe orúkọ ọmọ kan láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ẹni tó ń sálọ lẹ́yìn igi máńgòrò yóò dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì nà ṣánṣán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò tó kọjá, Ọláwùnmí ń fún aṣọ tó fọ̀, aṣọ náà sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, òun náà sì ṣubú. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò kú, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ó ń fi agbára tì jáde, bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan ní Òmù-Àrán ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Fọlárìn, dókítà tó ń kọ́ ẹsẹ̀ àti apá aláìsàn bí yóò ṣe tún ṣiṣẹ́, ní kí ó máa wá ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè àti Fúráìdeè. Bashir ló ń gbé e lọ. Òun náà kàwé lábẹ́ Ọláwùnmí, ó sì ti wá ń fi bọ́ọ̀sì kékeré kan gbé èrò láàárín ìlú méjèèjì. Á fi ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì wọlé títí dé àkàsọ̀ ilé, òun àti Ọ̀jẹ̀túndé á gbé e sókè, wọ́n á sì fa kọ́tìnì ojú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, nítorí ìyá náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Nínú yàrá Fọlárìn, níbi tí irin méjì wà tí èèyàn ń dì mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti jáde níbẹ̀, ó parí. Kò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

"Àwọn tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró ṣánṣán," ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà kan, "ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀?"

Ọ̀jẹ̀túndé kò bá a jiyàn. Ẹni tó bá mọ Ọláwùnmí kì í tètè bá a jiyàn.

Ní Túsìdeè àkọ́kọ́ tí wọ́n ti afárá, Bashir ní kí àwọn gba ọ̀nà ìgbẹ́ tó yí odò po. Ọ̀nà náà jìn, ó ṣe gbágungbàgun, eruku rẹ̀ sì pupa bí osùn. Gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò ni orí Ọláwùnmí ń kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, apá rẹ̀ tí kò lágbára sì ń fò sọ́tùn-ún sósì bí apá ọmọláńgidi. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Òmù-Àrán, Fọlárìn ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó fẹ́ tún un ṣí, ṣùgbọ́n ìyá náà kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n sì tún gba ọ̀nà ìgbẹ́ náà padà.

"Ó tó," Ọláwùnmí wí nígbà tí wọ́n gbé e sórí ibùsùn. "Mi ò lọ mọ́. Tí wọ́n bá ṣe afárá tán, màá lọ."

"Dókítà ní tí ẹsẹ̀ bá jókòó pẹ́, ó lè gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́," Ọ̀jẹ̀túndé sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ kó gbàgbé."

Ó kọjú sí ògiri. Ọ̀jẹ̀túndé lọ fún ewúrẹ́ lóúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìmísí, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, pè sórí fóònù. Bàbá rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin nìkan kọ́ o," ó ní. "Reluwé ìgboro tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ náà, wọ́n ti tì í. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún irin rẹ̀ ṣe. Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń kéde ẹ̀."

"Báwo lo wá ṣe ń dé ibi iṣẹ́?"

"Wọ́n kó bọ́ọ̀sì wá. Ibi tí reluwé bá dé tí kò lè lọ mọ́, a ó sọ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀sì á ti dúró dè wá. Ibi tí irin tún ti dára, a ó padà wọ reluwé. Ẹ̀ẹ̀kan náà la ń sanwó. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kùn, àmọ́ gbogbo wa là ń dé ibi tí à ń lọ."

Ìmísí rò pé fóònù ti já.

"Màámi?"

"Ta ló ṣètò àwọn bọ́ọ̀sì yẹn?"

"Àwọn tó ni reluwé náà ni."

"Àwa ò ní reluwé," ìyá náà wí, ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣùgbọ́n a ní Bashir."

Bí ó ṣe sọ fóònù kalẹ̀ ni ó ní kí wọ́n bá òun pe Bashir wá. Ó bi í léèrè bí nǹkan ṣe rí ní bèbè odò. Bashir mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dàrú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi pákó ṣe afárá kékeré kan fún ẹlẹ́sẹ̀, àwọn èrò sì ń gba orí rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé òdìkejì, wọn kì í bá ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ Òmù-Àrán ní àwọn ò lè wá máa dúró nínú igbó de èrò tí ẹlòmíì ti gbowó lọ́wọ́ wọn. Àwọn awakọ̀ Òwu-Ìsin náà ní àwọn ò lè pín owó àwọn fún ẹni tí kò mọ ojú àwọn. Àwọn tíṣà ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé, àwọn oníṣòwò ń ru epo pupa lórí nínú oòrùn. Bàbá kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà ti padà sílé láì gba oògùn.

"Gbogbo yín, ẹ̀yin awakọ̀ ìhà méjèèjì, mo fẹ́ rí yín ní bèbè odò ní ọ̀la," Ọláwùnmí wí.

"Màdáàmù, wọn ò ní wá."

"Bashir."

Ó pe orúkọ náà bó ṣe máa ń pè é láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ohùn rẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì gún, ṣùgbọ́n Bashir na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán.

"Wọ́n á wá, mà."

Wọ́n sì wá. Ọláwùnmí jókòó nínú bọ́ọ̀sì Bashir ní bèbè Àrágbà, ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí sílẹ̀, Ọ̀jẹ̀túndé dúró tì í. Àwọn awakọ̀ Òmù-Àrán gba orí pákó kọjá wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn le. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Asisat, ìbòrí dúdú ló wé, òun sì ni olórí àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìhà tiwọn.

Ọjọ́ náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọláwùnmí yóò sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà tí àìsàn ti mú un. Ó ti ka ọ̀rọ̀ náà sórí ní òru mọ́jú, ṣùgbọ́n bí ó ṣe la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Ẹ̀... ẹ̀yin..." ó ní, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Itọ́ díẹ̀ yọ sí etí ètè rẹ̀. Awakọ̀ kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú, ẹ̀rín ẹni tí kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí ni. Ọláwùnmí gbọ́ ọ. Ooru gun un lójú, ó sì rò ó lọ́kàn pé kí òun ní kí Bashir ti ilẹ̀kùn.

Asisat yí padà, ó wo awakọ̀ náà títí tó fi wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ má yára, Màmá," ó wí. "A ń gbọ́ yín."

Ọláwùnmí nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó sì sọ ọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Èkó nígbà tí reluwé ò bá lè kọjá. Ó ní kí ọkọ̀ Òwu-Ìsin gbé èrò dé bèbè, kí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ Òmù-Àrán gbà wọ́n ní òdìkejì, kí èrò sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn awakọ̀ sì pín in ní dọ́gba ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, kí ó fọn fèrè láti orí òkè kí àwọn tó wà ní ìhà kejì lè múra sílẹ̀. Ó ní kí ìjókòó iwájú jẹ́ ti aláìsàn. Wọ́n jiyàn, wọ́n pariwo, ẹnìkan tilẹ̀ bínú lọ, ó sì tún padà. Nígbà tí oòrùn gun àtàrí, wọ́n ti gbà.

Ìgbà yẹn ni Bashir wá bi í léèrè ohun tí kò sí ẹni tó rántí. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màdáàmù? Báwo lẹ ṣe máa kọjá?"

Gbogbo wọn wo afárá onípákó náà. Ó tóóró. Ambrose, ará Èsìẹ́, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ẹ̀yìn.

"Èmi á pọ̀n ọ́n," Ọ̀jẹ̀túndé wí.

"Ẹ̀yìn tó ń dùn yín tí mo ń fi òrí pa yẹn?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Bàbá, kò tilẹ̀ ṣeé ṣe," Ambrose wí. "Èèyàn kan ṣoṣo ni pákó yẹn lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Mi ò gbà kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni kọjá lórí àga pàápàá. Tó bá dá lójijì, èmi ni wọ́n máa bi."

Ọláwùnmí ń wo okùn nínípọn kan tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ pákó náà, láti bèbè dé bèbè.

"Okùn yẹn ńkọ́?"

"Òun lẹ máa dì mú tí ẹ bá ń kọjá, mà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la ta á sí."

Bí èèyàn bá ń lọ sí Òmù-Àrán, ọwọ́ òsì ni okùn náà wà. Ọláwùnmí gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ṣí i, ó pa á dé.

"Ó di Fúráìdeè," ó wí.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè náà, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, kùrukùru sì bo orí odò. Bashir àti Ọ̀jẹ̀túndé gbé e dé ẹnu pákó, wọ́n fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lé okùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé fi í sílẹ̀ bí ẹni fi ẹyin sílẹ̀ lórí tábìlì tó dagẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì rọrùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni iṣẹ́. Fọlárìn ti kọ́ ọ pé kí ó gbé orúnkún kọ́kọ́, kí ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ó má wo ìsàlẹ̀. Ó gbé orúnkún. Pákó náà mì lábẹ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ omi nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ etí pákó kan tó yọ sókè. Ó dúró. Itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò sí irin lọ́tùn-ún, kò sí Fọlárìn, kò sí ẹni tó lè wá bá a.

"Ìyá Ìmísí!" Ọ̀jẹ̀túndé ké láti bèbè. "Sinmi! Kò sẹ́ni tó ń lé ọ!"

Ó sinmi. Ó fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀, ó gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gbé e kọjá. Láti ibẹ̀ lọ, kò mọ bó ṣe rìn ín. Ohun tó mọ̀ ni pé ọwọ́ Asisat mú un ní apá, tí Asisat ń sọ pé "Alhamdulillah, Alhamdulillah," bí ẹni pé òun gan-an ló kọjá.

Nígbà tí Fọlárìn gbọ́ bó ṣe dé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì jókòó sórí ibùsùn aláìsàn.

Ṣùgbọ́n ìgbà ìpadàbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí wọ́n padà dé bèbè ní ọ̀sán, Ọláwùnmí rí i pé okùn náà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí kò lè di ṣíbí mú. Ó dúró sí ẹnu pákó, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó yí gbogbo ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó kọjú sí okùn, ó fi ọwọ́ òsì dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ bí akàn. Ó lọ́ra púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, èrò ti pọ̀ ní bèbè: àwọn obìnrin tó ru igbá, ọkùnrin kan tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé èjìká, àwọn tíṣà tó fẹ́ délé. Ẹnikẹ́ni ò lè gun pákó títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ọláwùnmí ń retí ìgbà tí wọn yóò pòṣé. Èyí ni ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ìgbà òjò, pé kí gbogbo ayé dúró kí wọ́n máa wo òun.

Ohùn ọkùnrin kan jáde láàárín wọn. Ọládèjì ni, oníṣòwò irin ìkọ́lé, tí ikùn rẹ̀ ti yọ báyìí, ṣùgbọ́n tí Ọláwùnmí kọ́ nígbà tó ṣì tínrín bí ìgbálẹ̀.

"Ẹ má kánjú o, Màdáàmù!" ó ké. "Ẹ̀yin náà dúró dè mí títí tí mo fi mọ ìṣirò ìsọdipúpọ̀!"

Ẹ̀rín bú jáde ní bèbè méjèèjì. Ọláwùnmí náà rẹ́rìn-ín lórí pákó, ẹnu rẹ̀ tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣí gbayawu, kò sì rántí láti fi ọwọ́ bò ó. Ó ní láti dúró kí ẹ̀rín náà kúrò lára rẹ̀ kí ó tó lè sún síwájú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí wọ́n gbé àga òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ètò àwọn awakọ̀ náà múlẹ̀. Ní àràárọ̀, fèrè Bashir á dún láti orí òkè, kẹ̀kẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kù ní òdìkejì kí àwọn èrò tó dé bèbè. Àwọn tíṣà kò pẹ́ dé ilé ìwé mọ́, bàbá alátọ̀gbẹ ń gba oògùn rẹ̀. Ìjà kò tán pátápátá, nítorí èèyàn ni èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ti ń jọ jẹ ẹ̀wà lábẹ́ igi kan náà.

Fọlárìn ní kí Ọláwùnmí má fi ọwọ́ òsì nìkan ṣe é. "Tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé okùn náà," ó ní. "Kò pọn dandan kó dì í mú. Kó ṣáà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Ó ń gbé e lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà kàn ń sùn lórí okùn bí aṣọ tútù. Nígbà tó yá, ìka àárín bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. Ambrose ní òun lè ta okùn kejì fún un, kí ó rọrùn. Ó dúpẹ́, ó ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò dùn bí oyin. Òjò àkọ́rọ̀ kan rọ̀ lójijì ní ọjọ́ Túsìdeè kan, pákó sì ń yọ̀. Bí Ọláwùnmí ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi orúnkún kan lulẹ̀. Okùn ló gbà á. Ambrose fi àyà fà á láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò ṣèṣe ju kí awọ orúnkún bó lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọ ọ́ lára. Ní Fúráìdeè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Bashir fọn fèrè, ó ní kí wọ́n sọ fún un pé òun ń sùn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Asisat ni. Ó ti fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní òdìkejì, ó gba orí pákó kọjá, ó sì wọ bọ́ọ̀sì Bashir wá. Kò wá sí Òwu-Ìsin rí láyé rẹ̀.

"Ìjókòó iwájú ṣófo lónìí, Màmá," ó wí nígbà tó kúnlẹ̀ kí i. "Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó níbẹ̀."

"Mo ṣubú, ọmọ mi. O ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Èmi náà ti dojú kẹ̀kẹ́ bolẹ̀ rí, ní ọdún tí ọkọ mi kú, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Èrò mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn ọkùnrin ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá ṣe?"

"Ilẹ̀ mọ́, ebi ń pa àwọn ọmọ mi. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dìde."

Ọ̀jẹ̀túndé gbé iyán jáde fún àlejò náà, Ọláwùnmí sì bá a jẹun. Ní Túsìdeè, nígbà tí fèrè dún, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí afárá, àwọn ọlọ́lá wá, wọ́n gé rìbọ́n, wọ́n sọ̀rọ̀ tó gùn. Afárá tuntun náà gbòòrò, ó lágbára, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní irin. Bọ́ọ̀sì Bashir gbà á kọjá kí èèyàn tó sọ pé ó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tú pákó, wọ́n sì ti ká okùn lọ. Ọláwùnmí wo ibi tí pákó náà wà, ó sì wo omi tó ti ń ga díẹ̀díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, Fọlárìn yẹ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó báyìí. Asisat ló gbé e kúrò níbẹ̀ dé ibùdókọ̀, nítorí òun àti Bashir ti jọ ṣe àdéhùn pé òun yóò máa gba èrò Òwu-Ìsin tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀jẹ̀túndé ń di èbù iṣu sínú apẹ̀rẹ̀ láti gbé lọ sóko. Ìyàwó rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ òsì.

"Mo fẹ́ tẹ̀ lé yín."

Ọ̀jẹ̀túndé wò ó. Oko náà ò jìnnà, ẹ̀yìn ilé ìwé ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gbangba ni wọn yóò gbà.

"Àwọn èèyàn á rí ọ," ó wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kí mi."

Wọ́n sì kí i. Wọ́n kí i láti iwájú ilé dé ìdí igi máńgòrò, tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò tètè dé oko. Ọ̀jẹ̀túndé gbin èbù sínú àwọn ebè, ó ń fi koríko gbígbẹ bo orí wọn kí oòrùn má baà jó wọn. Ọláwùnmí wò ó títí, ó sì ní kí ó ran òun lọ́wọ́ láti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kan. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sínú òkìtì koríko náà, ìka rẹ̀ ká kò díẹ̀díẹ̀, ó sì mú ìwọ̀n tó lè mú. Àwọn kan já bọ́ lọ́nà. Ó gbé èyí tó kù dé orí ebè, ó tẹ́ ẹ, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Kò bò ó tán," Ọ̀jẹ̀túndé wí.

"Mo rí i," ó fèsì, ó sì tún na ọwọ́ lọ mú òmíràn.